Ohun Tí Irun Ológbò Kọ́ Ayé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Djègan-Kpèvi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sin ológbò nítorí eku. Ológbò a pa eku tán, a sì lọ sùn lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ta ló ń yẹ irun rẹ̀ wò? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní ọdún 1898, àrùn burúkú kan ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn Faransé ń pè é ní peste. Ibà líle ni, kókó a sì wú ní abíyá tàbí ní abẹ́ ìtan. Àwọn ènìyàn rí i pé eku a máa kú kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ṣùgbọ́n báwo ni àrùn náà ṣe ń kúrò lára eku bọ́ sára ènìyàn?

Dókítà Faransé kan, Paul-Louis Simond, wà ní ìlú Karachi, tó wà ní ilẹ̀ Pakistan lónìí. Ó fura sí àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fò nínú irun ẹran, tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Ó fi eku kan tí àrùn náà ń ṣe sínú ìgò ńlá. Kí kòkòrò lè pọ̀ dáadáa, ó ṣa díẹ̀ kún un lára ológbò kan tó ń rìn káàkiri òtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà, ó fi eku mìíràn tí ara rẹ̀ le sínú àgò onírin, ó sì gbé àgò náà kọ́ sínú ìgò kan náà. Eku méjèèjì kò lè fara kan ara wọn. Kòkòrò nìkan ló lè fò láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Eku aláìsàn kú. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, èkejì kú. Àrùn kan náà ló pa á.

Ọ̀pọ̀ dókítà kò kọ́kọ́ gba Simond gbọ́. Àrùn náà sì ń tàn ká. Ó dé Accra ní 1908, ó dé Dakar ní 1914, ó dé Èkó ní 1924. Ẹ sì mọ̀ pé Èkó kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ wa.

Lónìí, oògùn wà fún àrùn náà bí a bá tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń fò ṣì ń gbé inú irun ológbò. Ọmọ tó bá ṣèèṣì gbé e mì lè ní aràn.

Nítorí náà, ẹ máa yẹ ológbò yín wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìka la irun rẹ̀ ní ọrùn, ní ẹ̀yìn àti ní ìdí ìrù. Bí ẹ bá rí ohun dúdú wínníwínní bí iyanrìn, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bí ó bá di pupa, ìgbẹ́ kòkòrò náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tó mu ló wà nínú rẹ̀. Bí irun bá re ní ojú kan roboto, tí ara ibẹ̀ sì ń hó, ó lè jẹ́ làpálàpá. Ó ń ran ọmọdé.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ má fi oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn ajá pa ológbò lára. Ó máa ń fi ahọ́n lá irun rẹ̀, oògùn náà sì lè pa á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ojú yín àti ọwọ́ yín tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.