Àwọn Ajínigbé Orí Kọ̀ǹpútà

Bí wọ́n bá dárúkọ owó ìtúsílẹ̀ létí ẹni tó ń gbé Kasarawa ní ìlú Sókótó, ajínigbé orí ọ̀kadà ló máa wá sí i lọ́kàn. Àwọn mìíràn wà tí kì í fẹsẹ̀ kan igbó. Fáìlì ni wọ́n ń jí gbé.

Ọdún 1989 niṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Joseph Popp, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi nǹkan bí 20,000 díìsìkì ránṣẹ́ káàkiri, ó ní ìmọ̀ nípa àrùn éèdì ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà nígbà 90, orúkọ àwọn fáìlì á dàrú, ìwé á sì jáde pé kí wọ́n fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Inú fáìlì kò tiẹ̀ bàjẹ́. Ohun tó dí òwò náà lọ́wọ́ ni bí wọn yóò ṣe gbowó láìjẹ́ pé ọlọ́pàá tẹ̀ lé e dé ibẹ̀.

Bitcoin ló tú okùn yẹn. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ CryptoLocker fi gbowó ní 2013. Ní oṣù karùn-ún 2017, òmíràn tó ń jẹ́ WannaCry ti kọ̀ǹpútà pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Nígbà tó di 2019, ẹgbẹ́ Maze mú ọgbọ́n mìíràn dé: wọ́n á kọ́kọ́ da dátà kọ kí wọ́n tó tì í pa, wọ́n á sì máa pàtẹ orúkọ ẹni tó bá kọ̀ láti sanwó sórí ìkànnì wọn. Àtẹ yìí ni àwọn tó ń tọpa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ka iye ẹni tí wọ́n kọlù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè sanwó kì í sí níbẹ̀, nítorí náà àwọn olóríkunkun ló pọ̀ jù nínú ìwé ìṣirò yẹn.

Ẹgbẹ́ mìíràn, BlackCat, yọjú ní oṣù kọkànlá 2021. Àwọn ọ̀gá ń ṣe irinṣẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ ń fi fọ́lé, ọmọṣẹ́ sì ń mú 80 sí 90 nínú dọ́là 100 tó bá wọlé. FBI, àjọ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní ó kéré tán, 60 ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kọlù nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta 2022. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kan ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja ní Nàìjíríà: àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ò rí àkáǹtì wọn wọ̀, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì kéde pé BlackCat ni.

Orúkọ nìkan ló tuntun. FBI sọ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ wọn àti àwọn tó ń bá wọn fọ owó ní í ṣe pẹ̀lú DarkSide, àwọn tó dá ọ̀pá epo Colonial dúró ní Amẹ́ríkà ní 2021 tí wọ́n sì gba bitcoin 75. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná, wọ́n di BlackMatter. Ìyẹn náà ò pẹ́.

FBI gba ìkànnì BlackCat ní oṣù kejìlá 2023, síbẹ̀ ní oṣù kejì 2024 ọmọṣẹ́ wọn kan kọlu Change Healthcare, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò owó ìtọ́jú ìlera ní Amẹ́ríkà. Mílíọ̀nù dọ́là 22 wọlé. Àwọn ọ̀gá kó gbogbo rẹ̀ mì, wọ́n lẹ ìkéde irọ́ mọ́ ìkànnì wọn bí ẹni pé ọlọ́pàá ló tì í, wọ́n sì sá lọ. Ọmọṣẹ́ figbe ta: dátà ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ní oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ tuntun tó ń jẹ́ RansomHub ń bèèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà, lórí dátà kan náà.