Àgbàdo àti àwọn oúnjẹ rẹ̀
Àgbàdo, tàbí yangan, ti ilẹ̀ Mẹ́síkò ṣẹ̀ wá; ọ̀rúndún 16 ló dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọkà bàbà ti pẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ògì ni olórí ohun tí a ń fi í ṣe. A ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀ di oúnjẹ ẹran, omidùn rẹ̀ di omi àgbo. Ògì tó bá ki lórí iná la ń pọ́n sínú ewé eéran láti fi ṣe ẹ̀kọ. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, acaçá ni wọ́n ń pè é, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wé e. Ẹ̀gbo, kókóró àti àádùn elépo pupa náà wà lára oúnjẹ tí a ń fi àgbàdo ṣe.