Eré Orí Pèpéle àti Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọdé

Àwọn kan a máa bu ẹnu àtẹ́ lu eré ìparí ọdún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ayẹyẹ lásán ni. N kò dá wọn lẹ́bi tán, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí eré náà ti ṣe wọ ilé-ìwé wa.

Láti ìgbà tí àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá Bíbélì rìn. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882, tí ìjọba fi de Èkó àti Gold Coast pọ̀, ni ó wá gbé Gẹ̀ẹ́sì gun ẹṣin. Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ, pẹ̀lú ìṣirò, ni ìjọba ń tìtorí rẹ̀ fún ilé-ìwé lówó ìrànwọ́. Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wálé. Ilé-ìwé wo ni yóò wá fẹ́ kí alábẹ̀wò dé láìrí ọmọ tí yóò dìde sọ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn Sàró Èkó pàápàá ti mọ kóńsáàtì dunjú: orin, àkọ́sórí, àti ìtàkùrọ̀sọ ẹni méjì mẹ́ta lórí pèpéle. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni eré àwọn ọmọdé ti ṣẹ̀.

Kí ni ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀? Ahọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jẹ èrè. Èdè wa kò ní ìró v àti z, ọ̀rọ̀ wa kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì àti bẹ́ẹ̀dì fi rí bí wọ́n ti rí. Bí gbogbo kíláàsì bá ń kàwé pọ̀, àléébù yìí lè fara pamọ́ sínú ariwo. Ẹni tí ó bá dá dúró lórí pèpéle kò ríbi sá sí.

Ewu rẹ̀ ni kí ọmọ di ayékòótọ́. Nínú eré kan tí a ṣe ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé tí mo lọ, ẹni tí ó ṣe ọba há gbogbo ojú ìwé náà sórí, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ tí ó ní kí ó bínú, kí ó sì jókòó. Ó kígbe wọn ketekete, kò sì jókòó. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́; Gẹ̀ẹ́sì ṣáà ni. Tíṣà wa kò fi Yorùbá sọ ìtàn náà fún wa rí, nítorí owó ìtanràn ni fún ẹni tí ó bá sọ ọ́ nínú ọgbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, Harriet Finlay-Johnson, ọ̀gá ilé-ìwé abúlé ní Sompting, ti ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti ẹ̀kọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tirẹ̀ gbé èdè náà wá láti ilé! Tiwa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó tú u fún mi ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó burú bí ọmọ bá kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe eré Ìjàpá, kí ó mọ ìdí tí Ìjàpá fi ń sá, kí a tó gbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún un?

Tíṣà ni Hubert Ògúndé, tíṣà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tíṣà sì ni Dúró Ládiípọ̀. Nígbà tí Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀.