Idán Kì Í Ṣe Oògùn: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Idán Pípa

Bí ọmọ ilé-ìwé gírámà kan ní Bódìjà tàbí Agbowó, nílùú Ìbàdàn, bá fi ọmọ ayò kan sí àtẹ́lẹwọ́, tó di ọwọ́, tó sì là á padà láìsí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò jáde lẹ́nu àwọn tó ń wò ó. Àwọn kan yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ní, “Ó pidán!” Àwọn mìíràn yóò fà sẹ́yìn, wọn yóò ní, “Ọmọ yìí ní oògùn lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra. Oògùn ni ohun tí a gbà gbọ́ pé agbára wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ewé, egbò tàbí ọfọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni idán, iṣẹ́ ojú àti ti àkókò. Òótọ́ ni pé àwọn apidán ayé àtijọ́ kì í jáde lọ síta gbangba láì wá ààbò sí ara wọn. Ṣùgbọ́n ààbò ni oògùn náà wà fún. Ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò ló ń gbé idán fúnra rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ idán gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí kó tó mọ ohunkóhun mìíràn, ìtàn tiwa gan-an ló sì lè kọ́ ọ.

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, a kà nípa Aláàfin Abípa. Ìgbòho ni ààfin wà nígbà náà, Abípa sì fẹ́ kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ, nítorí ilé àti oko wọn ti fìdí múlẹ̀ ní Ìgbòho. Nígbà tí ọba rán àwọn ìránṣẹ́ láti lọ rúbọ ní ìlú àtijọ́ náà, àwọn ìjòyè yára rán àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn ṣàjèjì ṣáájú wọn. Abuké, àfín, aràrá àti arọ wà lára wọn. Lóru, wọ́n tan iná, wọ́n ń ké kiri lórí òkè bí iwin. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́, wọ́n sì sáré padà wálé.

Ọba kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú gbogbo “iwin” náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ sí ààfin, ọba ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí wá fún ẹni tó rán an níṣẹ́. Ojú ti àwọn ìjòyè. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe ọba náà ní Ọba M'ọ́rọ̀, ọba tó mú iwin.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ló kàn wá jù lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tó kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìbẹ̀rẹ̀ eré eégún ààfin mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ Ìgbòho yìí. Ó dárúkọ Ológbìn Ológbojò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ láàfin, àti Ẹ̀sà Ògbín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí a ń gbé láti ìlú dé ìlú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà! Ìparadà kan náà tí a fi dẹ́rù ba ènìyàn di ohun tí a fi ń dá wọn lára yá. Àwọn eléré náà ni a wá ń pè ní eégún alárìnjó, tàbí eégún apidán.

Òyìnbó kan fi ojú ara rẹ̀ rí eré wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, ọdún 1826, Aláàfin pe Hugh Clapperton láti wá wòran ní Ọ̀yọ́ Ilé, Clapperton sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Apá mẹ́ta ni eré náà ní. Àwọn kan kọ́kọ́ jó, wọ́n sì tàkìtì nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni òjòlá ńlá kan yọ orí jáde láti inú àpò, tó ń la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bu ènìyàn jẹ. Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, aṣọ tí a kùn ló sì fi bora. Níkẹyìn, àpò mìíràn ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohun funfun kan fi jáde, tó jọ òyìnbó. Ó ń fa áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn tìṣọ́ratìṣọ́ra bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ojú àwọn àlejò bóyá wọ́n mọ ara wọn. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé eré ni. Síbẹ̀ ẹnu yà wọ́n.

Ìdí tí ẹnu fi yà wọ́n ni pé àwọn eléré náà ti kọ́ iṣẹ́. Nínú agbo ilé ọlọ́jẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ijó, ẹsà pípè, òkìtì àti bí a ṣe ń yí aṣọ padà kí òǹwòran tó ṣẹ́jú, nígbà tí ìlù bàtá ń dún kíkankíkan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bákan náà ni ó rí fún onídán tí ọ̀pọ̀ òbí wa mọ̀ jù lọ, Moshood Fọlọ́runṣọ́ Abíọ́lá, tí gbogbo ayé ń pè ní Professor Peller. Ìsẹ́yìn ni a bí i sí ní 1941. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ sí í pidán, ó sì ń gbé e lọ sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ó sì ṣòwò. Ní 1964 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ idán ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ó sì lo oṣù 18 níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pidán ló tó lọ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́! Títí ó fi kú ní 1997, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ onídán ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Peller ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu.

Níbo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ayò kan tó. Kí ó yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka di ọmọ ayò náà mú. Kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún wá bí ẹni tó fẹ́ gbà á, kí àwọn ìka ọ̀tún bò ó mọ́lẹ̀. Lábẹ́ ìbòjú yìí ni ọmọ ayò yóò rọra bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún yóò wá di, yóò sì kúrò bí ẹni pé ó gbé nǹkan lọ. Ojú onídán gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí ibi tí onídán bá ń wò ni òǹwòran yóò máa wò. Kí ó kọ́kọ́ gba ọmọ ayò náà ní tòótọ́ níwájú dígí, lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó lè mọ bí gbígbà gidi ṣe rí. Kí ó má fi han ẹnikẹ́ni títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn lára. Bí ó bá sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún ènìyàn, kí ó má tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, nítorí ojú tó bá rí i lẹ́ẹ̀kejì ti mọ ibi tí yóò wò.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ọgbọ́n tí a fi ń dá ènìyàn lára yá ni a tún lè fi jẹ gàba lé wọn lórí. Ní 1856, ìjọba Faransé rán onídán wọn, Robert-Houdin, lọ sí Àlùjíríà kí ó lè fi hàn pé agbára òyìnbó ju ti àwọn aláàfáà ibẹ̀ lọ. Ó ní kí ọkùnrin alágbára kan gbé àpótí kékeré kan, ó sì gbé e. Ó ní òun ti gba agbára rẹ̀. Ọkùnrin náà kò lè gbé e mọ́. Òòfà tí iná mànàmáná ń mú ṣiṣẹ́ ló wà lábẹ́ àpótí náà. Àwọn ìjòyè Ìgbòho náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ní àárín wa lónìí, ẹni tó ní òun lè sọ owó kékeré di ńlá ń lo ọgbọ́n ọwọ́ kan náà, ṣùgbọ́n oògùn ló ń pè é. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2006 lórí jìbìtì dárúkọ irú ìwà yìí gan-an, ó sì kà á sí ọ̀ràn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ ayò mọ́ rí kò ní í tètè bọ́ sọ́wọ́ irú wọn ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Challenge, nítorí yóò béèrè ibi tí ọwọ́ kejì wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá pidán nínú kíláàsì, ẹ má ṣe lé e jáde bí ẹni tó ní nǹkan burúkú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó pa á parí, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọgbọ́n ni, kì í ṣe oògùn. Kò pọn dandan kí ó tú àṣírí rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ó fi eré ṣe iwin.