Dead Space: Extraction, eré fídíò abanilẹ́rù tó ṣẹlẹ̀ nínú òfuurufú

Dead Space: Extraction jẹ́ eré fídíò, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní jeu vidéo. Ilé-iṣẹ́ Electronic Arts ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 fún Wii, console tí Nintendo ti ilẹ̀ Japan ṣe. Àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni Visceral Games, tó wà ní California, àti Eurocom, tó wà ní ìlú Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eré àgbàlagbà ni, kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ìsàlẹ̀ dáadáa.

Irú eré wo ni?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí mọ̀ pé èrò ọkọ̀ kì í yan ọ̀nà. Irin ló ń tọ́ ọkọ̀, ohun tí èrò lè ṣe ni kó máa wo ọ̀tún, kó máa wo òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú eré yìí. Eré fúnra rẹ̀ ló ń gbé èèyàn lọ síwájú. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣeré ni kó na manette sí télé, kó sì máa yìnbọn lu ohun tó bá yọjú. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé: The House of the Dead, tí Sega ṣe láàárín ọdún 1990 sí 2000, gbajúmọ̀ gan-an láwọn ilé eré tí wọ́n ti ń fi owó ẹyọ ṣeré.

Ohun tó mú Extraction yàtọ̀ ni pé kò sáré. Ojú ẹni tó wà nínú ìtàn lẹ ó fi máa wo gbogbo nǹkan. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ó gbọ́ ọ. Bó bá ṣubú, télé á yí bìrí. Nígbà míì, èèyàn á rìn pẹ́ nínú òkùnkùn láì rí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń sá lọ nìkan lá máa gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà èèyàn jù.

Ìtàn inú rẹ̀

Ọdún 2508 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, lórí ayé míì tó jìnnà, tí wọ́n ń pè ní Aegis VII. Ilé-iṣẹ́ awakùsà kan kó òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti wa ohun àlùmọ́ọ́nì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ti ka ibẹ̀ léèwọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan, USG Ishimura, wà lókè, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fọ́ ilẹ̀ ayé bẹ́ẹ̀ kó lè kó ohun inú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wá rí òkúta àràmàǹdà kan tí wọ́n ń pè ní Marker. Àwọn ẹlẹ́sìn kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Unitology gbà pé ohun mímọ́ ni. Wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà. Àtìgbà yẹn ni ìlú ò ti rójú mọ́.

Sam Caldwell, ọ̀kan lára àwọn tó lọ gbé òkúta náà, lẹ ó kọ́kọ́ jẹ́ nínú eré. Ẹ ó rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya wèrè, wọ́n sì ń kọ lù ú, ẹ ó sì máa gba ara yín sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ ó tó mọ̀ pé orí òun gan-an ló ti dà rú, àwọn aláìṣẹ̀ ló ń pa. Lẹ́yìn náà, ẹ ó di ọlọ́pàá kan, Nathan McNeill. Òun, Gabe Weller tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ Ishimura, Lexine Murdoch tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà Caldwell, àti Warren Eckhardt, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ awakùsà, ni wọ́n jọ ń wá ọ̀nà àtisá lọ. Òkúta náà kì í da orí Lexine rú bó ṣe ń da tàwọn yòókù rú. Eckhardt ní tiẹ̀ ní àṣírí tó fi pa mọ́ fún wọn.

Àwọn tó kú ò sùn. Òkú ń dìde, ara wọn á yí padà, apá á di ọ̀bẹ. Necromorph ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí àwọn mẹ́rin yìí fi máa dé Ishimura, tí wọ́n rò pé ààbò wà níbẹ̀, aburú náà ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ìtàn yìí ló ṣáájú Dead Space àkọ́kọ́ tó jáde ní 2008, níbi tí Isaac Clarke ti dé inú Ishimura tó sì bá a tí ó ti dahoro.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹni tó bá ń yìnbọn sí orí kàn ń fi ọta ṣòfò ni. Apá àti ẹsẹ̀ ni kéèyàn gé, ìgbà yẹn ni òkú náà tó máa dùbúlẹ̀. Bí èèyàn bá dá manette dùbúlẹ̀, ìbọn á yìn lọ́nà míì. Agbára kan wà tó ń mú kí ọ̀tá máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín, òmíràn wà tó ń fa nǹkan wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ibi bá ṣókùnkùn, ẹ mi manette kí iná tó tàn. Ẹni méjì lè jọ ṣe é.

Ọjà rẹ̀

Àwọn oníròyìn eré yìn ín, ṣùgbọ́n ọjà ò tà. Eré ẹbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Wii, wọn ò ra á nítorí ìbẹ̀rù. Ní ọdún 2011, wọ́n tún gbé e jáde fún PlayStation 3. Eurocom pa iṣẹ́ tì ní ìparí ọdún 2012, Electronic Arts sì ti ilẹ̀kùn Visceral ní 2017.

Ta ló yẹ kó ṣe é?

Níbi ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹ̀yin òbí. Wii tó lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tà kárí ayé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọdé. Ẹni tó bá ra console àlòkù lè bá dísìkì eré yìí láàárín ti bọ́ọ̀lù àti ti ijó, torí àpótí gbogbo wọn jọra. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ àpótí tó bá ti Yúróòpù wá: ẹ ó rí àmì PEGI àti nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà kò sọ bí eré ṣe le tó láti ṣe. Ọjọ́ orí ni. 3 wà, 7 wà, 12 wà, 16 wà, 18 wà. 18 ni ti Extraction. Ti Amẹ́ríkà ní lẹ́tà M, èyí ni pé ọmọ ọdún 17 sókè ló wà fún.

Àgbàlagbà tó bá fẹ́ràn ìtàn tó le á gbádùn rẹ̀. Ọmọ kékeré tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òkú tó ń rìn lè máà rí oorun sùn lóru. Bí àpótí ò bá sí, tó jẹ́ dísìkì lásán, ẹ ka orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ sì jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Caldwell á ti fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn yín kí ìṣẹ́jú náà tó pé.