Bọ́ọ̀lù Obìnrin ní Èkó, Sáà dé Sáà: Láti Jegede Babes dé FC Robo

Ẹni tó bá ń wá ìtàn bọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá kò ní pẹ́ rí i, bó bá jẹ́ ti ọkùnrin ló ń wá. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana lè ka orúkọ Samson Siasia àti Odion Ighalo fún un láìwo ìwé. Ti obìnrin ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri, díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, díẹ̀ lẹ́nu àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, díẹ̀ nínú àkójọ àwọn tó gba líìgì, ohun tí èyí sì sọ kì í bá tọ̀hún mu. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì sọ èyí tí mo gbà. Èkó lápapọ̀ ni mo fi ṣe ààlà, nítorí líìgì obìnrin kò mọ Boundary tó wà láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Sùúrùlérè, Oníkàn àti Agége ni wọ́n ti máa ń gbá a.

Ọdún tí obìnrin kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà ni àríyànjiyàn àkọ́kọ́. Àwọn kan ní 1937, àwọn kan ń fọwọ́ sọ̀yà fún 1943, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 1960 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Sugar Babes sílẹ̀. Mi ò rí ìdí ìjà níbẹ̀. Eré ni àwọn ará 1937 àti 1943 ń kà, ẹgbẹ́ ni àwọn ará 1960 ń kà, ẹgbẹ́ la sì ń sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tó bọ́ sáàárín wọn ló ṣe pàtàkì: ìfòfindè. Láti 1921 ni àjọ FA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé obìnrin kúrò lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ wọn, ti Nàìjíríà sì tẹ̀ lé wọn ní 1950. Lẹ́yìn Sugar Babes, kò sí nǹkan púpọ̀ láti kọ títí di 1978, tí àwọn olólùfẹ́ eré náà fi dá àjọ tiwọn sílẹ̀, tí Christopher Akíntúndé Abísúgà sì di alága rẹ̀.

Àríyànjiyàn tó yẹ kéèyàn jókòó tì ni ti 1990. Jegede Babes ti Èkó ni orúkọ tó wà lókè pátápátá nínú àkójọ àwọn tó ti gba líìgì obìnrin Nàìjíríà. Ọmọọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ni ẹgbẹ́ náà, òun náà ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ ìdíje gbogbogbòò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹni tó ń fojú líìgì ọkùnrin wò ó lè ní ìdíje lásán ni, kì í ṣe líìgì tí wọ́n ń gbá nílé gbá lóko fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó tún lè bèèrè bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó filé pọntí náà ló gbé ife lọ sílé. Ìbéèrè kejì kò tó nǹkan, orí pápá ni wọ́n ti borí. Lórí ìkíní, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba líìgì náà lónìí: lẹ́yìn àwọn eré ìpele àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ni wọ́n ń kó jọ sí ìlú kan, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ti gbá eré márùn-ún. Super Six ni wọ́n ń pè é. Bí èyí bá jẹ́ líìgì, ti 1990 náà jẹ́ líìgì. Mo ka ife náà fún Èkó.

Èso rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Ní 1991, Nàìjíríà kó ikọ̀ obìnrin jọ fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ ní Ṣáínà. Jo Bonfrere ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Nkiru Okosieme, Florence Omagbemi àti Chioma Ajunwa sì wà nínú ikọ̀ náà. Wọ́n na Kamẹrúùnù nílé, wọ́n nà án lóko kí wọ́n tó wọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí wọ́n dé Ṣáínà, Jámánì gbá 4 wọlé wọn, Ítálì gbá 1, Chinese Taipei gbá 2, wọn kò sì rí ẹyọ kan dá padà. (Ajunwa yìí náà ló fo jìnnà ju gbogbo obìnrin lọ ní Atlanta ní 1996, tó gba góòlù Òlíḿpíìkì. Mélòó nínú àwọn tó ń yìn ín ló mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù ni?)

Lẹ́yìn Jegede Babes, ife kó kúrò ní Èkó. Ufuoma Babes ti Warri gbà á, Pelican Stars ti Calabar gbà á, ó wá dọwọ́ Delta Queens, Bayelsa Queens, Rivers Angels àti Nasarawa Amazons. Orúkọ àwọn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ti sọ ìdí rẹ̀: ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Owó oṣù ti ọ̀dọ̀ gómìnà wá, ẹgbẹ́ Èkó sì ń retí àpò ẹnì kan ṣoṣo.

FC Robo ló fi èyí hàn jù. Emmanuel Osahon ló dá a sílẹ̀, òun náà ló ń kọ́ wọn. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní FC Robo, àwọn kan Robo Queens; ẹgbẹ́ kan náà ni, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn ṣòfò àkókò. Asisat Oshoala láti Ìkòròdú dé ibẹ̀ ní 2009. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun máa gbá bọ́ọ̀lù, ìyá òun àgbà nìkan ló dúró ti òun. Ní 2013 ó lọ sí Rivers Angels. Lọ́dún kejì, ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ní Kánádà, ó gbá 7 wọlé, ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, Jámánì sì fi 1 sí 0 borí Nàìjíríà ní àṣekágbá. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje yẹn: Rivers Angels ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin tó lò ní Èkó kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ tí ọmọ wà lọ́jọ́ ìdíje ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ èyí tó tọ́ ọ.

Ọdún tí Oshoala lọ ni Rasheedat Ajibade dé láti Mushin, kò tíì pé ọmọ ọdún 14. Òun ni òǹwòran mọ̀ lónìí nípa irun aláwọ̀ búlúù tó máa ń ṣe. Ó pẹ́ ní Robo ju Oshoala lọ. Ní 2017, tí Nasarawa Amazons gba líìgì, Ajibade ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù lọ, góòlù 8. Nígbà tí 2018 parí, ó kọjá sí Avaldsnes ní Nọ́wè, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Atlético Madrid.

Nínú gbogbo sáà FC Robo, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 2021, bí wọn kò tiẹ̀ gba nǹkan kan. Àwọn ọmọ Osahon dé àṣekágbá ife Aiteo ní pápá Samuel Ogbemudia ní ìlú Benin, Bayelsa Queens ló sì dúró dè wọ́n. 4 sí 2 ni wọ́n nà wọ́n. Lórí ìwé, a fi ìyà jẹ wọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ń fi owó ara rẹ̀ gbé ró gbá góòlù méjì wọlé ẹgbẹ́ ìjọba ní àṣekágbá, lẹ́yìn tó ti pàdánù Oshoala àti Ajibade. Ẹni tó bá ní àṣìṣe ni wọ́n fi débẹ̀ kò mọ bọ́ọ̀lù.

Àwọn sáà tó kù kò pẹ́ kà. Bayelsa Queens gba líìgì ní 2022, wọ́n sì ṣe ipò kẹta nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà. Delta Queens gbà á ní 2023, Edo Queens ní 2024. Ní July 2025, Ajibade ṣe balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó ti 2 sí 0 bọ̀ tó fi 3 sí 2 na Mòrókò ní Rabat, ní àṣekágbá ife Áfíríkà ti àwọn obìnrin, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà. Lọ́dún yẹn kan náà, Ìkẹ́nnẹ́, nílé Remo Stars ti Kunle Soname, ni wọ́n gbé Super Six lọ. Owó aládàáni ló kọ́ pápá náà. Bayelsa Queens ló gbé ife.