Ìyà Tó Jẹ Àwọn Ọmọ Ogun Kírìjì

Ogun Kírìjì ni ogun òmìnira tí ọmọ Yorùbá bá ọmọ Yorùbá jà. Ní 1878 ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó ń fi agbára gba ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ojú ẹrú wo olówó ìlú. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ yọ idà. Nígbà tó yá, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àjọṣe ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ṣáájú ogun Ìbàdàn. Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, àfonífojì wà láàárín wọn. Ìró ìbọn ńlá ló fún ogun náà lórúkọ.

Ìbọn kọ́ ló jẹ ọmọ ogun níyà jù níbẹ̀, ọ̀nà ni. Kò sí owó oṣù. Oníkálukú ló ń bọ́ ara rẹ̀, tàbí kó rọ̀ mọ́ balógun rẹ̀. Láti etí òkun sì ni iyọ̀ àti ẹtù ti ń wá. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà pa, ọmọ ogun Ìbàdàn tó ní ìbọn lọ́wọ́ lè máà ní ẹtù tí yóò kì sí i. Ẹni tó bá ń ná ọjà Mile 12 ní Èkó mọ nǹkan kan nínú èyí: bí ọkọ̀ tòmátì àti iṣu kò bá wọlé, kò ní pẹ́ tí Kétu àti Ìkòsì yóò fi máa ké. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi kojú ara wọn ní ojú ogun Kírìjì. Ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, là ní 1872, ni Èkìtì Parapọ̀ fi ń mí ní tiwọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ránṣẹ́ gba ibẹ̀, láti orí ọ̀sà wọ inú igbó, lórí èèyàn.

Àwọn kan lè sọ pé Snider, ìbọn tí wọ́n ń fi ọta sí láti ìdí, ló dá kún ìyà náà, nítorí ó yá ju ìbọn ẹlẹ́tù lọ fíìfíì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí Snider rà. Àwọn mìíràn á ní ibùdó náà ti di ìlú: ilé wà, oko wà, aya wà, wọ́n ń bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbin iṣu sí ojú ogun, ta ló ń ro oko bàbá rẹ̀ nílé? Ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń dojú kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣòro láti rí ẹni tí yóò wá gbapò ẹni tó rẹ̀. Ibùdó náà ni Látòóṣà kú sí ní 1885.

Àdéhùn àlàáfíà 1886 fún Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní òmìnira, ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn síbẹ̀. Ará ìlú mẹ́rin yìí tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àyè láti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé baba rẹ̀.